Ọkùnrin Tó Lóṣòó

Nínú agolo bisikíìtì tó ti dípẹtà létí
ni Bàbá àgbà kó wọn sí.
Ṣíbí ni mo fi ṣí i lọ́jọ́ tí a pín ẹrù rẹ̀ ní Ìsọ̀kun.
Àwọn ẹ̀gbọ́n gba ilẹ̀, wọ́n gba ẹ̀rọ ìránṣọ,
wọ́n ní kí n máa kó ìdọ̀tí lọ.

Ìwé pélébé-pélébé ni,
irú èyí tí òyìnbó ń lẹ̀ mọ́ ìgàn aṣọ
kó tó sọ ọ́ sínú ọkọ̀ òkun.
Odídẹrẹ́ kan di kọ́kọ́rọ́ mú lẹ́nu:
aṣọ yẹn kì í ṣá.
Erin kan gun kẹ̀kẹ́:
fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, aró rẹ̀ á bá omi lọ.
Obìnrin kan ń wo dígí, ọrùn rẹ̀ gùn ju ti àgùfọn lọ:
ti ìyàwó ọ̀ṣìngín nìyẹn,
ọkọ á san án títí ọmọ kejì á fi máa rìn.

Bàbá ò mọ̀wé.
Bí lẹ́tà bá ga tó igi àràbà, kò lè pè é lórúkọ.
Ṣùgbọ́n fi erin yẹn hàn án,
á sọ iye tí wọ́n gbé e kúrò ní Èkó,
iye tí rélùwéè gbà kó tó já a sí Òṣogbo,
àti orúkọ ẹni tó rù ú dé Ọ̀kèsà
tí ọrùn rẹ̀ wọ́ títí dọjọ́ ikú.

Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí iṣáná,
ilé ni í ti í múná roko.
N ò jiyàn.
Ṣùgbọ́n páálí iṣáná mẹ́tàdínlógún ló wà nísàlẹ̀ agolo,
inú wọn ṣófo, àwòrán wọn pé.
Àkísà àpò kòkó kan náà wà níbẹ̀,
ọ̀dà dúdú lára rẹ̀, ìdajì lẹ́tà kan,
láti ọdún tí kòkó Ìbòdì bu
tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fi àmì rẹ̀ sí i.

Ìgbà tó yá, Bàbá ní òun náà á lámì.
Ó lọ bá Ògúnmódẹdé onípáànù ní Ẹrẹ̀jà.
Ìyẹn ní, "Ẹkùn ńkọ́? Ṣebí ọmọ ẹkùn ni wá?"
"Ẹkùn kì í sin gbèsè."
"Adé ńkọ́?"
"Ṣé kí Ọwá lè ránṣẹ́ pè mí?"
Bàbá bá ká ṣòkòtò sókè,
ó lóṣòó sáàárín ìsọ̀,
igbọ̀nwọ́ lórí orúnkún, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́,
bó ṣe ń ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn onígbèsè
tí oòrùn á fi wọ̀, tí ìrì á fi sẹ̀.
Ó ní, "Gé èyí."

Ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ìdì aṣọ:
ọkùnrin kékeré, orúnkún méjì, kò lójú.
Ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀mùò, dé Ìkàrẹ́,
ọmọdé á rí i, á sáré wọlé:
"Yèyé, ẹni tó lóṣòó ti dé!"
Yèyé á ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Mo kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi,
níbi tí mo ti ń ta wáyà fóònù.
Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó ará Èkìtì kan wọlé,
ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù,
fóònù rẹ̀ ti kú.
Ó gbójú sókè, ó dákẹ́.
"Ta ló bí ọ?"
Mo sọ fún un.
Ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀.
"Aṣọ rẹ̀ la fi sin ìyá mi.
Ṣílè méjì àti tọ́rọ́ ló kù nílẹ̀."
Ó fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lé tábìlì.

Mo gbà á. Ìjẹ̀ṣà ni mí.
Ó yọ wáyà rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún padà wò ó.
Ó ní, "Wàyí o,
sọ fún un kó dìde."